Àmì Abẹ́ Lẹ́tà lára Aṣọ Funfun Ilé Ìsìn

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí ẹsẹ̀ ọmọ Yorùbá rìn dé, kí ó wọ ọkọ̀ ní Èjìgbò, kí ó sì máa bá a lọ sí Abidjan. Yóò gba Sẹ̀mẹ̀ wọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, yóò kọjá ní Kútọnu àti Lomé, yóò la ilẹ̀ Gánà já láti Aflao títí dé Elubo, kí ó tó dé Noé tí í ṣe ẹnubodè ilẹ̀ Côte d'Ivoire. Ẹnubodè mẹ́rin ni yóò ti kọjá nígbà náà, èdè ìjọba yóò sì ti yí padà mọ́ ọn lẹ́nu nígbà mẹ́ta: Gẹ̀ẹ́sì yóò di Faransé, Faransé yóò di Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì yóò sì tún di Faransé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ ní Treichville tàbí ní Adjamé, Yorùbá ni wọn yóò fi kí i káàbọ̀.

Àwọn ènìyàn wa kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀. Láti ayé ìjọba Faransé ni àwọn oníṣòwò láti Èjìgbò, láti Ogbómọ̀ṣọ́, láti Ìwó àti láti ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn ti ń gbé ẹrù wọn lọ síhà ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n la ojú omi Vridi ní ọdún 1950, tí ọkọ̀ òkun ńláńlá fi lè wọ inú ọ̀sà Abidjan, ọjà ìlú náà tún gbòòrò sí i, àwọn tí ń lọ síbẹ̀ sì ń pọ̀ sí i. Ẹni tí ó bá sì ń lọ sí àjò a máa mú ẹ̀sìn rẹ̀ dání. Àwọn mùsùlùmí kọ́ mọ́ṣáláṣí, àwọn onígbàgbọ́ kọ́ ilé ìsìn. Ogbómọ̀ṣọ́ ti mọ ẹ̀sìn Onítẹ̀bọmi láti ọdún 1855, nítorí náà kò yani lẹ́nu pé àwọn ìjọ Onítẹ̀bọmi tí a ti ń fi èdè Yorùbá sìn wà lára àwọn tí oníṣòwò fi ọwọ́ ara wọn dá sílẹ̀ ní ìlú náà.

Ọ̀kan nínú irú ìjọ bẹ́ẹ̀ ni àbúrò ìyá mi ń lọ, òun sì wà nínú ìgbìmọ̀ tí ń tọ́jú ilé ìsìn. Nígbà tí mo lọ kí i, mo bá wọn lórí ọ̀rọ̀ kan tí ó ti ń fa àríyànjiyàn láti bí oṣù mélòó kan. Ẹ̀rọ pírójẹ́kítọ̀ tí wọ́n fi ń tan ọ̀rọ̀ orin sára aṣọ funfun níwájú ìjọ ti di ògbólógbòó. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá. Gílóòbù inú rẹ̀ ti ń kú lọ, àwòrán rẹ̀ sì ti pọ́n bí omi ìfọ̀kòkò. Wọ́n fẹ́ ra òmíràn. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé iṣẹ́ àyẹ̀wò ilé-ìwé ni mo ń ṣe ní Nàìjíríà, wọ́n rò pé kò sí irú ẹ̀rọ tí èmi kò lè sọ nǹkan nípa rẹ̀, ni Bàbá Díákónì bá ní kí n wá jókòó ti àwọn. Mo sọ fún wọn pé kí n kọ́kọ́ jọ́sìn pẹ̀lú wọn ní ọjọ́ Ìsinmi, kí n sì jókòó sí ìjókòó ìkẹyìn pátápátá.

Ilé ìsìn náà gùn tó mítà 24 láti iwájú dé ẹ̀yìn. Aṣọ funfun tí wọ́n ta fẹ̀ ní mítà 2, ó sì ga ní mítà 1 àbọ̀. Fèrèsé wà ní ọ̀tún àti ní òsì, oòrùn òwúrọ̀ sì ń gba ti òsì wọlé tààrà sára aṣọ náà. Ìlà 16 ni àwọn ọ̀dọ́ tí ń darí kọ̀ǹpútà máa ń tò sí ojú kan: Yorùbá lókè, ìtumọ̀ rẹ̀ ní Faransé nísàlẹ̀. Wọ́n tún fi àwòrán ìgbì òkun sí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà, kí ó lè dára lójú. Ohùn ìjọ náà dùn, àwọn ìyá sì mọ orin wọn lórí, wọn kì í wo ibì kankan. Ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún 11 lọ ni ó jókòó tì mí. Bí a bá dé orí Faransé, ohùn rẹ̀ a ròkè. Bí a bá dé orí Yorùbá, a máa fi ẹnu wúyẹ́wúyẹ́ tẹ̀lé àwọn àgbà.

Láti ibi tí mo jókòó sí, n kò rí àmì kan ṣoṣo lábẹ́ lẹ́tà kankan. Mo rí e, mo rí o, mo rí s. N kò rí ẹ, n kò rí ọ, n kò rí ṣ. Àmì ohùn kò tilẹ̀ sí rárá, nítorí kò sí ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Nípa bẹ́ẹ̀, ìfẹ́ Olúwa ti di ife, èyí tí a fi ń mumi. Ogún àwọn ènìyàn mímọ́ ti di ogun. Ọ̀run ti di orun, ẹni tí oorun bá sì ń kùn lè rò pé òun ni a ń bá wí. Nígbà tí ìsìn parí, mo mú ìwé kékeré kan, mo kọ ọ̀rọ̀ kan sí i gẹ́lẹ́ bí ó ti wà lára aṣọ: ese. Mo fi han ọmọ náà, mo ní kí ó sọ ohun tí ó jẹ́ fún mi. Ó ronú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé bàtà rẹ̀ sókè, ó fi ọwọ́ kàn án, ó ní, "Èyí ni, Bàbá."

Kò sí ẹni tí ó lè bá ọmọ náà wí. Ohun tí a kọ ni ó kà. A ti kọrin nípa ẹ̀ṣẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ọjọ́ náà, ó sì ti rò ní gbogbo ìgbà pé ẹsẹ̀ ni a ń wí. Bí ó bá tilẹ̀ sọ pé ẹ̀ṣẹ́ tí a fi ń lu ènìyàn ni, báwo ni a ó ṣe já a nírọ́?

Nígbà tí ìgbìmọ̀ pàdé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìhà mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ pín sí. Bàbá Díákónì ní kí wọ́n ra ẹ̀rọ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá pọ̀ jù lọ tí owó ìjọ lè ká, kí ọ̀rọ̀ náà sì tán síbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ní kí aṣọ funfun pẹ̀lú tóbi sí i, kí wọ́n sì mú Yorùbá kúrò lára rẹ̀ pátápátá, kí Faransé nìkan kù. Wọ́n ní àwọn tí ó mọ orin Yorùbá kò nílò kíkà, àwọn tí ó sì nílò kíkà kò mọ Yorùbá kà. Ìyá Ìjọ kò sọ̀rọ̀ títí ó fi di ìgbẹ̀yìn, ó wá ní òun kò mọ̀ ju pé ojú òun kò ríran mọ́, ìwé orin òun sì wà nínú àpò òun.

Mo ní láti jẹ́wọ́ pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ọmọ tí a bí sí Abidjan, Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ ọ ní ilé-ìwé láti òwúrọ̀ dé ọ̀sán. Bí ó bá jáde síta, Faransé àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Nouchi ni òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ. Bí ó bá dé ọjà, Jùlà ni. Yorùbá a máa gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀. Ìyàwó ilé kan tí ó wà nínú ìgbìmọ̀ náà sọ̀rọ̀ kan tí n kò lè gbàgbé. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, bí a kò bá fi Faransé sí i, ohun tí ọmọ mi kò mọ̀ ni yóò máa fi ẹnu kọ sí Ọlọ́run." Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Èmi kò ní èsì fún un ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Ṣùgbọ́n mo béèrè ohun kan lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ náà. Ní èdè Faransé, pécheur ni ẹlẹ́ṣẹ̀, pêcheur sì ni apẹja. Àmì kékeré tí ó wà lórí e àkọ́kọ́ nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. (Nínú Ìhìnrere Lúùkù orí karùn-ún, Símónì Pétérù jẹ́ méjèèjì ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo.) Mo ní kí wọ́n ṣí gbogbo orin Faransé tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà wọn, kí wọ́n wá ibi tí wọ́n ti kọ ẹlẹ́ṣẹ̀ bí apẹja. Wọn kò rí ọ̀kan. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀, olùkọ́ wọn ní ilé-ìwé yóò ti fi ìlà pupa fà á láti kíláàsì kejì. Bọ́tìnì é sì wà lójú kọ̀ǹpútà Faransé gbangba. Nígbà náà ni ọ̀kan nínú wọn dákẹ́, ó ń wo ese tí mo kọ sínú ìwé.

Kì í ṣe pé àmì Faransé náà hàn láti ẹ̀yìn. Kò hàn ju ti Yorùbá lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ti ka pécheur àti pêcheur nínú ìwé lọ́pọ̀ ìgbà lè fi inú mọ èyí tí ó jẹ́ bí ojú rẹ̀ kò tilẹ̀ rí àmì. Yorùbá ni kò ní ibòmíràn tí ó ti ń rí i. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀, aṣọ funfun yẹn nìkan ni ojú ìwé Yorùbá tí ọmọ náà ń rí. Òun ni pátákó rẹ̀, òun ni ìwé àkọ́kà rẹ̀. Bí ohun tí ó wà lára rẹ̀ bá jẹ́ Yorùbá tí kò pé, Yorùbá tí kò pé ni yóò mọ̀. Bí a bá sì mú un kúrò, kò ní rí ọ̀kan rárá.

Nítorí náà mo fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ fara balẹ̀ bá mi ṣe ìṣirò díẹ̀ lórí ẹ̀rọ yìí. Yóò wúlò fún ẹni tí ìjọ rẹ̀ bá ń dáwó, yóò sì wúlò fún ẹni tí ilé-ìwé rẹ̀ bá ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Pírójẹ́kítọ̀ kò lè tan òkùnkùn; ìmọ́lẹ̀ nìkan ni ó mọ̀ ọ́n tàn. Níbi tí a bá ti rí lẹ́tà dúdú lára aṣọ, ibi tí ẹ̀rọ náà fà sẹ́yìn sí ni, tí kò tan nǹkan kan sí. Bí oòrùn bá wá gba ojú fèrèsé bọ́ sí ibẹ̀, dúdú náà kò lè dúró ní dúdú. Yóò di eérú. Èyí ni àwọn tí ó ń ra ẹ̀rọ ńlá kì í rántí. Wọn a ra ìmọ́lẹ̀ kún ìmọ́lẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé òkùnkùn ni wọn kò ní.

Lumen ni a fi ń wọn agbára ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ náà. Èyí tí ìjọ yìí ń lò ní lumen 2000 nígbà tí ó wà ní titun. Bí a bá tẹ́ 2000 yìí sórí aṣọ tí ó fẹ̀ ní mítà 2 tí ó sì ga ní mítà 1 àbọ̀, ibi kọ̀ọ̀kan tí ó jẹ́ mítà kan níbùú àti mítà kan lóròó yóò gba nǹkan bí 667. Gílóòbù tí ó bá ti gbó lè sọ ìdajì agbára rẹ̀ nù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a sọ pé 330 ni ó kù. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ fi fóònù rẹ̀ wọn ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ń bọ́ sára aṣọ náà ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀: ó tó 300. Oòrùn àti ẹ̀rọ wá di ẹlẹgbẹ́.

Ẹ̀rọ titun tí Bàbá Díákónì rí ní lumen 5000. Lójú ẹni tí kò bá ṣírò, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ ní ìlọ́po méjì àbọ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ rà fẹ̀ ní mítà 4, ó sì ga ní mítà 2 àbọ̀. Ẹ pín 5000 sórí rẹ̀: 500 ni yóò kan ibi kọ̀ọ̀kan. Ó kéré sí ohun tí ẹ̀rọ ògbólógbòó náà ń tàn nígbà tí ó wà ní titun! Bí aṣọ bá fẹ̀ sí i, ìmọ́lẹ̀ a fẹ́lẹ́, gẹ́gẹ́ bí ọbẹ̀ tí a bu omi lé nítorí àlejò. Kọ́tìnì tí ó nípọn lójú àwọn fèrèsé òsì ni ohun tí ó kọ́kọ́ yẹ kí wọ́n rà, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ̀rọ.

Ìṣirò kejì ni ti àmì abẹ́ lẹ́tà. Ojú tí ó dá ṣáká lè rí ohun kékeré ní òkèèrè títí dé ìwọ̀n kan, ju bẹ́ẹ̀ lọ ohun náà a sọ nù. Ní ìdíwọ̀n àwọn oníṣègùn ojú, ìwọ̀n náà ni ìdá kan nínú ọgọ́ta díígírì kan. Bí a bá sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ilé ìsìn wa, ẹni tí ó jókòó sí mítà 24 kò lè rí àmì tí kò bá tó mìlímítà 7. Ẹ wá wò ó. Bí a bá to ìlà 16 sórí aṣọ tí ó ga ní mítà 1 àbọ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan yóò ní sẹ̀ǹtímítà 9 lé díẹ̀, àti ọ̀rọ̀ àti àlàfo rẹ̀. Àmì tí ó wà lábẹ́ ẹ nínú irú lẹ́tà tí wọ́n lò kò lè ju mìlímítà 7 tàbí 8 lọ. Etí ibi tí ojú ń parí sí gan-an ni! Fi oòrùn kún un, fi ìgbì òkun tí ń jà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kún un, kò sí ojú tí yóò rí i. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi ìlà 6 péré sí orí aṣọ ògbólógbòó yẹn kan náà, àmì náà yóò tó sẹ̀ǹtímítà 2. Ẹni tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà yóò rí i. Sẹ́fà kan kò ní jáde nínú àpò ìjọ.

Mo wí bẹ́ẹ̀ fún wọn. Mo ní kí wọ́n fi kọ́tìnì ta ojú fèrèsé, kí wọ́n yọ òkun kúrò, kí wọ́n dín ìlà kù sí 6, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ àtijọ́ wò ó ní ọjọ́ Ìsinmi méjì kí wọ́n tó na owó. Wọ́n ṣe é. Nígbà tí ó di ọjọ́ Ìsinmi kejì, mo tún jókòó sí ẹ̀yìn, mo sì rí àmì abẹ́ lẹ́tà, ó ṣókùnkùn díẹ̀ ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Gílóòbù náà ti rẹ̀ jù, ẹ̀rọ titun kò ṣe é yẹ̀ sílẹ̀, èyí sì hàn sí gbogbo wa. Ṣùgbọ́n wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n ń rà àti ìdí tí wọ́n fi ń rà á.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tí ń ta ẹ̀rọ máa ń tẹnu mọ́. Wọn a ní èyí tí ó ń lo lésà dípò gílóòbù lè ṣiṣẹ́ fún wákàtí 20,000. Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ìjọ tí ń tan ẹ̀rọ fún wákàtí mẹ́fà lọ́sẹ̀ kò ní lò ju wákàtí 300 lé díẹ̀ lọ lọ́dún. Ọdún 60 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni yóò fi lo lésà náà tán, nígbà tí àwọn ohun èlò mìíràn inú rẹ̀ yóò ti di ìtàn. Ire tí mo rí nínú lésà fún ilé ìsìn yàtọ̀. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í tètè rẹ̀, a kò sì ní máa wá gílóòbù kiri Adjamé. Bí iná bá sì lọ lójijì, kì í pa á lára bí ó ti ń pa gílóòbù tí afẹ́fẹ́ kò tíì tù lára. Iná Abidjan dúró ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n ní ọdún 2021 wọ́n pín iná fún àwọn àdúgbò ní wákàtí-wákàtí, àwọn tí ó wà níbẹ̀ nígbà náà kò sì tíì gbàgbé.

Nígbà tí a dé orí bí a ó ti tún àwọn orin tẹ̀, iṣẹ́ gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ titun kò lè fi ohun tí a kò kọ hàn. Orin tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà wọn ju 300 lọ, láìsí àmì ohùn kan. Bí wọ́n bá tan ìwọ̀nyí pẹ̀lú lumen 5000, àṣìṣe náà yóò kàn mọ́lẹ̀ sí i ni. Ìṣòro kan sì tún wà nínú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Nínú ètò Unicode tí gbogbo kọ̀ǹpútà ayé ń lò, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́ tàbí ọ̀ kò ní. Kọ̀ǹpútà ní láti kó àmì ohùn lé lẹ́tà lórí fúnra rẹ̀. Irú ìkọ̀wé tí a kò bá ṣe dáadáa a máa gbé àmì náà sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí ó fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà a dán irú ìkọ̀wé mẹ́fà wò lára aṣọ kí a tó mú ọ̀kan. Arábìnrin kan láti Kétu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, rẹ́rìn-ín sí wa. Ó ní ní tiwọn, ɛ àti ɔ ni wọ́n kọ́ òun láti fi kọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí ìjọba wọn ti ṣètò ní ọdún 1975, kò sì sí àmì abẹ́ tí yóò sọ nù. Mo rò ó títí. Lójú aṣọ funfun, ó jàre wa.

Ṣùgbọ́n tiwa pẹ̀lú ní ìtàn. Ní oṣù kìíní ọdún 1875, àwọn míṣọ́nnárì pàdé ní Èkó lábẹ́ ìdarí Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan lórí bí a ó ti máa kọ Yorùbá, pẹ̀lú àmì lábẹ́ e, o àti s. Odindi Bíbélì Yorùbá jáde ní ọdún 1884. T. J. Bowen, Onítẹ̀bọmi tí ó wá sí ilẹ̀ wa ní ọdún 1850, ti tẹ ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè jáde ní ọdún 1858. Gbogbo wọn ni ó ti jìjàkadì pẹ̀lú àwọn ohùn tí lẹ́tà Òyìnbó kò ní. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ ìwé lórí àkọtọ́ ní ọdún 1965, ìgbìmọ̀ jókòó ní ọdún 1966, ìjọba sì fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní ní ọdún 1974. Ìwé orin àtijọ́ kò mọ̀ nípa èyí. Aiye ni ó wà nínú rẹ̀, enia ni, nyin ni. Olùkọ́ àgbà kan, ìyá tí ó ti fẹ̀yìn tì, ni ìjọ fi ṣe alábòójútó iṣẹ́ títẹ̀ náà, ó sì pinnu láti máa kọ ayé, ènìyàn àti yín. Àwọn ìyá kan kùn díẹ̀. Wọ́n ní orin àwọn ti yí padà. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ kí òun gbọ́. Wọ́n kọ ọ́. Ó béèrè ibi tí ó ti yí padà.

Ti Faransé náà ni ìyànjú. Wọn kò fi sí abẹ́ orin mọ́, nítorí ìlà 6 kò gba èdè méjì. Dípò bẹ́ẹ̀, kí orin tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ́ kan a dìde, a sọ ohun tí orin náà ń wí ní Faransé ní gbólóhùn méjì. Ìyàwó ilé tí ó bẹ̀rù fún ọmọ rẹ̀ ni ó dá a lábàá fúnra rẹ̀. Ẹ̀kọ́ Bíbélì sì ń jáde ní èdè méjèèjì, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin olùkọ́ níhìn-ín, ẹ má sì bínú. Kì í ṣe Abidjan nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Nínú ilé-ìwé tí mo ń wọ̀ nílé níhìn-ín, láàárín Yorùbá, mo ti rí ise lójú pátákó níbi tí olùkọ́ ti ń kọ́ni nípa iṣẹ́, tí ọmọ kan kò sì mọ̀ bóyá iṣẹ́ tí ó ń mówó wọlé ni tàbí ìṣẹ́ tí ń pani. Ẹfun àti pátákó ni olùkọ́ náà ní lọ́wọ́, kò sí lumen kan nínú ọ̀rọ̀ náà, mítà 6 péré sì ni ọmọ tí ó jìnnà jù fi jìnnà sí i.

Mo gbọ́ láti ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá mi pé wọ́n ti gbé ẹ̀rọ titun náà kọ́, lésà ni, ojú iná kéékèèké tí ó fi ń ya àwòrán sì tó 1920 níbùú, níbi tí ti àtijọ́ jẹ́ 800. Orin 140 ni wọ́n ti tún tẹ̀ tán. Ọmọkùnrin tí ó gbé bàtà sókè nì wà lára àwọn tí ń ka ohun tí a tẹ̀ sókè fún olùkọ́ àgbà kí wọ́n tó fi sínú kọ̀ǹpútà. Ibi tí ó bá ti kọsẹ̀ ni wọ́n máa ń yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ 23 ránṣẹ́ sí mi pé kí n sọ bí a ó ti fi àmì ohùn sí wọn, mo sì ti dá 21 padà.

Ohun kan ṣoṣo ni Ìyá Ìjọ béèrè ní ìpàdé ìkẹyìn. Ó ní kí wọ́n má dẹ́kun láti máa pe nọ́ńbà orin, nítorí àwọn tí ó ní ìwé lọ́wọ́. Wọ́n gbà fún un. Ó wà ní igun òkè aṣọ funfun náà báyìí, ní ìwọ̀n tí ó tóbi ju gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù lọ.